Ẹyọ Dàbínù Kan fún Ẹni Tí Kò Gbààwẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ oore tí èso gbígbẹ ń ṣe fún ara, ẹ gba Ring Road lọ, ẹ bèèrè ṣọ́ọ̀bù Àlàájà Lateefat, ẹ wá àga, ẹ jókòó. Àmọ́ kẹ́ ẹ ti jẹun kúrò nílé o, torí obìnrin náà kì í tètè parí ọ̀rọ̀. Dàbínù ni yóò kọ́kọ́ mú lọ́wọ́. Yóò ní ó ń fún ara lókun kíákíá, ó ń jẹ́ kí inú rọ̀, ó sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Yóò bọ́ sórí àjàrà gbígbẹ, yóò ní kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kan máńgòrò gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá fún un láti Ògbómọ̀ṣọ́. Yóò ní kí ẹ wò ó dáadáa, wọn kò da ṣúgà lé e lórí, oòrùn Ọlọ́run ni wọ́n sá a sí. Bí ẹ bá wá ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde, yóò fi ẹyọ kan sí yín lẹ́nu. Ẹni tí kò bá rà nígbà náà, ọkàn onítọ̀hún le.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílé rẹ̀ ní Challenge tí àwọn oníbàárà kò mọ̀. Ohun tó ń fi sí gbogbo Ìbàdàn lẹ́nu yìí, ọkọ tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kàn án.

Ọkọ náà ni Àlàájì Sùlàímọ́nù, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ayé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ Agbowó ní ìṣirò, bí wọ́n bá sì pàdé rẹ̀ ní títì títí di òní, wọ́n á tún aṣọ wọn ṣe kí wọ́n tó kí i. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àfi tí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ ìlànà. Tó bá ti di ìyẹn, ẹ lè fi akọ màlúù fà á, kò ní kúrò lójú kan.

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà láti bí ọdún mẹ́fà. Kò kọ́kọ́ kà á sí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì nígbà tó ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbé e sórí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, dókítà sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ mọ́. Ó gbà. Ó ń bọ́ aláìní kan lójoojúmọ́ dípò ààwẹ̀ náà, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ṣe tí dókítà kò sọ pé kó ṣe: kò jókòó ṣínu pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Fún ọdún márùndínlógójì ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó sórí ẹní kan náà nírọ̀lẹ́ ààwẹ̀, tí abọ́ dàbínù á wà láàárín wọn, tí wọ́n á máa retí ohùn ládàánì. Nígbà tí owó wà, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba kò san owó oṣù fún àwọn tíṣà, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, dàbínù tí wọ́n ń pín nígbà náà kò tó nǹkan. Wàyí o, tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, Àlàájì á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á tan rédíò. Kì í jáde títí ìyàwó rẹ̀ á fi jẹun tán. Tí Lateefat bá pè é, èsì rẹ̀ kì í yí padà.

"Ẹni tó jẹun ọ̀sán, ìṣínu wo ló fẹ́ ṣe?"

Ọdún méjì gbáko nìyẹn. Bí Lateefat bá ń jẹ dàbínù nìkan lórí ẹní, á máa dà bí ẹni ń jẹ ìyẹ̀pẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí ọkọ òun padà wá jókòó ti òun. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà kan péré ló sì wà. Kí ṣúgà ọkọ rẹ̀ wálẹ̀, kí dókítà gbà fún un láti gbààwẹ̀, kí ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí.

Bó ṣe gbógun ti adùn nìyẹn. Ó lé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé. Ó lé búrẹ́dì, ó lé oyin, kódà ó lé ọsàn. Dàbínù ni ọ̀tá tó burú jù lójú rẹ̀, torí ó mọ bó ṣe dùn tó. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi rọ́pò gbogbo wọn. Àwọn obìnrin àdúgbò ló sọ fún un pé oúnjẹ onítọ̀ ṣúgà nìyẹn, òun náà tọ́ ọ wò, kò dùn rárá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Nítorí pé ó ń káàánú ọkọ rẹ̀ pé kò rí nǹkan aládùn jẹ, ó máa ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ tù ú nínú, ó ń kó ìṣù ńlá mẹ́ta, ìgbà mìíràn mẹ́rin, síwájú rẹ̀. Àlàájì á jẹ ẹ́. Àmàlà náà ti sú u bí ìdánwò tí kò tán, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣẹ ìyàwó rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á ní, "O ṣeun, Ìyá Islamiat."

Síbẹ̀ ṣúgà kò wálẹ̀. Láràárọ̀ tí wọ́n bá gún un níka, tí wọ́n sì yẹ ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà wò, ojú Lateefat á korò.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ ọdún yìí wọlé, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àlàájì máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun láti bá ìyàwó rẹ̀ di dàbínù sínú náílọ́ọ̀nù. Ní Jímọ̀ yẹn, ó dì tirẹ̀, ó lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ̀rọ sọ pé ṣúgà rẹ̀ lé ní igba. Lateefat dé ṣọ́ọ̀bù, ó ka náílọ́ọ̀nù dàbínù tí wọ́n dì, ó rí i pé ọ̀kan dín. Ó tún un kà. Ọ̀kan dín. Kò tilẹ̀ dúró kí ọjà lọ, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Àlàájì ń ka ìwé ìròyìn ní fàráńdà.

"Bàbá Islamiat, náílọ́ọ̀nù dàbínù kan dín ní ṣọ́ọ̀bù."

"Á jẹ́ pé o ti tà á."

"Mi ò tà á. Ẹ̀yin lẹ jókòó tì í lánàá. Ṣúgà yín ló sì gòkè láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà ìṣirò, ẹ bá mi ro ó pọ̀."

Àlàájì bọ́ awò ojú rẹ̀. 

"Lateefat," ó ní. Tó bá ti pe orúkọ rẹ̀ báyìí láìfi ti ọmọ kún un, nǹkan ti ṣe. "O ń sọ pé mo jí dàbínù jẹ?"

"Mi ò sọ pé ẹ jí i. Mo ní ọ̀kan dín ni."

"Mo ti gbọ́." Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó dìde, ó wọlé.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bínú, ìbínú rẹ̀ sì nìyí: ìwà ọmọlúàbí. Kò jágbe, kò kọ oúnjẹ. Á dúpẹ́ fún omi. Á dúpẹ́ fún àmàlà. Tí Lateefat bá ní "Ẹ kú ìkàlẹ̀," á ní "Ẹ kú àbọ̀, ẹ ṣeun o," bí ẹni ń kí àlejò tó wá láti ìlú mìíràn. Lateefat ì bá fẹ́ kó kúkú pariwo. Àmọ́ òun náà le kókó, ó sì gbà pé òun ló jàre. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìfẹ́ ló mú òun ṣọ́ ọ, pé bí òun kò bá ṣọ́ ọ, ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Lọ́jọ́ Wẹsidé, Àbẹ̀ḿbí, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, yọjú sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá ikùn.

"Àlàájà! Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀nà ti là o!"

"Ọ̀nà wo?"

"Ẹ ti gbàgbé? Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo sọ fún yín pé mi ò tíì yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí èrò kún iwájú yín, tẹ́ ẹ kàn na náílọ́ọ̀nù dàbínù kan sí mi pé kí n máa rẹ ẹ́ sómi, kí n máa jẹ ẹ́, kí n máa mu omi gidi lé e. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ wò mí, mo ti fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ."

 Lateefat rántí. Oníbàárà kan ń yọ ọ́ lẹ́nu nípa àjàrà gbígbẹ nígbà náà, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn tó fi na náílọ́ọ̀nù náà sí Àbẹ̀ḿbí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbé e jáde, ó wá lọ fi ẹ̀sùn kan ẹni tó fẹ́ràn jù láyé. Ojú tì í débi pé kò lè bá Àbẹ̀ḿbí rẹ́rìn-ín. Ó ní kó bá òun mójú tó ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ilé lọ.

Ó bá Àlàájì níbi tó ti ń bu omi àlùwàlá sínú kẹ́tù. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tó tutù.

"Bàbá Islamiat, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo fún Àbẹ̀ḿbí ní dàbínù náà. Mo gbàgbé pátápátá. Mo fi ohun tẹ́ ẹ ò ṣe kàn yín."

Àlàájì gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó wò ó títí, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Lateefat kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ẹ̀rín ni.

"Ìṣirò rẹ dára," ó ní. "O yọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ohun tó o fi bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Dìde, eékún rẹ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́."

Lateefat kò dìde. Ó rí i pé ọkàn ọkọ rẹ̀ ti rọ̀, ó sì fẹ́ lo àǹfààní náà.

"Tí ààwẹ̀ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ yàrá mọ́. Ẹ wá jókòó tì mí."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ," ó ní, ó sì gbé kẹ́tù rẹ̀.

Ohun tí dókítà sọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò gùn. Ó wo ìwé, ó wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ní ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́, tí ṣúgà rẹ̀ ń gòkè báyìí, tó sì ti ṣubú rí, òun kò lè gbà kó gbààwẹ̀. Ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Àlàájì ní, "Mo gbọ́, dókítà. Ẹ ṣeun."  Lateefat ń fi ìka yí okùn báàgì rẹ̀ po, ó ń ronú nípa ilẹ̀kùn yàrá.

Dókítà ní kí wọ́n yà rí onímọ̀ nípa oúnjẹ kí wọ́n tó lọ. Hamidah lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó fi hìjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run bo orí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

"Dádì, kí lẹ máa ń jẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́?"

Kí Àlàájì tó la ẹnu, Lateefat ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ibi tó ti fẹ́ kí wọ́n yìn ín rè é. Ó ka gbogbo ohun tó ti lé kúrò nílé. Ó sọ̀rọ̀ dé orí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìgbà mẹ́ta lóòjọ́.

"Ìṣù wọn tó báwo, Mọ́mì?"

Lateefat fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀. "Bí èyí. Mẹ́ta. Tí àánú wọn bá ṣe mí, mẹ́rin."

Bírò dúró lọ́wọ́ Hamidah. Kò rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á bá wa kẹ́ ẹ.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n náà ń di ṣúgà tó bá wọ inú ara. Èyí tó mọ níwọ̀n dára, tí ẹ̀fọ́ pọ̀ níbẹ̀, tí ẹja wà níbẹ̀. Àmọ́ ìṣù mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, òun ló ń gbé ṣúgà Dádì sókè. Ahọ́n wa kì í rí i torí kò dùn."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù lé Lateefat lórí. Òun tó ṣọ́ dàbínù lọ́tùn-ún lósì, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ọ̀tá náà nínú ìkòkò, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Omi kún ojú rẹ̀. Kí ó tó kán sílẹ̀, Àlàájì ti gbé ọwọ́ lé tirẹ̀, níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ohun tí kì í ṣe.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú," ó sọ fún Hamidah, "pé láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò sí ọjọ́ kan tí obìnrin yìí jẹ́ kí ebi pa mí."

Hamidah tẹ orí ba, ó ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú fáìlì.

"Dàbínù wá ńkọ́?" Lateefat bèèrè nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Ṣé kó má fẹnu kàn án títí ayé?"

"Rárá o. Èso gbígbẹ kì í ṣe májèlé, ẹ̀yin náà mọ oore rẹ̀ jù mí lọ. Omi inú rẹ̀ ló ti lọ, adùn rẹ̀ wá kó ara jọ sínú nǹkan kékeré, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn máa jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Fáíbà, ìyẹn fọ́nrán inú rẹ̀, ń jẹ́ kí ṣúgà náà rọra wọ ara ju ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Tí ṣúgà Dádì bá ti ń wálẹ̀, wọ́n lè jẹ méjì lóòjọ́, pẹ̀lú ẹ̀pà díẹ̀, kí ẹ fi dín oúnjẹ ọjọ́ náà kù, kí ẹ má fi lé e lórí. Kí wọ́n máa yẹ ṣúgà wọn wò lẹ́yìn náà."

"Méjì kò bá ìlànà ìṣínu mu," ni Àlàájì wí. "Ẹyọ kan, tàbí mẹ́ta, tàbí márùn-ún. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Hamidah rẹ́rìn-ín. "Kò burú, Dádì. Ẹyọ kan ni màá kọ."

"Ẹyọ kan tọ́. Àmọ́ má wulẹ̀ fi yíǹkì rẹ ṣòfò. Mi ò ní ìṣínu kankan láti ṣe."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dun Lateefat. Nínú takisí, láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń wo ìta. Nígbà tí wọ́n kọjá Dùgbẹ̀ ni òye yé Lateefat pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ láti ọdún méjì kò lọ síbi tí òun ń lọ. Kódà bí ṣúgà bá wálẹ̀ délẹ̀, ọkùnrin yìí kò ní gbààwẹ̀ mọ́. Kì í ṣe dàbínù ló ń sá fún. Ó rò pé òun kò ní ipò mọ́ lórí ẹní náà.

Àmàlà dín kù nílé wọn. Ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, ẹ̀wà wọlé, ẹja wọlé, àwọn méjèèjì sì ń rìn lọ sí ìhà Olúyọ̀lé nírọ̀lẹ́. Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú Lateefat dùn sí i. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ń bọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ dé. Àlàájì ló jí i láti jẹ sààrì, bó ṣe máa ń jí i lọ́dọọdún. Ó bá a gbé omi kaná. Lọ́sàn-án, ó lọ jẹun tirẹ̀ ní ilé ìdáná, ó sì pa ilẹ̀kùn dé kí òórùn má baà yọ aláàwẹ̀ lẹ́nu. Lateefat ta dàbínù fún bí ìdajì Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, ó sì tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó tẹ́ ẹní, ó gbé omi, ó gbé abọ́ dàbínù. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá pa dé. Ó gbọ́ rédíò.

Ládàánì pe ìrun. Ọwọ́ Lateefat lọ síbi abọ́, ó sì dúró. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ikùn rẹ̀ ń kígbe. Ó gbé abọ́ náà, ó dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn yàrá.

"Bàbá Islamiat."

"Jẹun ná, ká tó sọ̀rọ̀."

"Mi ò tíì ṣínu."

Rédíò pa. "Kí lò ń dúró dè? Wọ́n ti pe ìrun."

"Ọwọ́ yín ni mò ń dúró dè."

"Lateefat, má fi èyí ṣeré. Kò dára kéèyàn máa fi ìṣínu falẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ tètè ṣí ilẹ̀kùn nígbà náà."

 Lateefat fi orí ti igi ilẹ̀kùn. Kò mọ̀ pé òun ń sunkún títí omi fi kán sínú abọ́.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀," ó ní. "Mi ò ní bẹ̀ yín sí i mọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, pé ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ohun tó fi ṣínu, Ọlọ́run á fún un ní irú èrè aláàwẹ̀ yẹn, kò sì ní dín èrè aláàwẹ̀ náà kù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo ti gbààwẹ̀ tèmi láti àárọ̀. Ta ló fẹ́ fún mi ní ìṣínu? Islamiat wà ní Àbújá. Àwọn ọmọ yòókù ti lọ sílé ọkọ. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

 Kọ́kọ́rọ́ yí.

Àlàájì dúró lókè rẹ̀, ó wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, òun àti abọ́ rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ di ògiri mú, ó rọra jókòó sílẹ̀, eékún rẹ̀ ń dún. Ó ṣa dàbínù kan. Ó là á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yẹ inú rẹ̀ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, ó yọ kóró rẹ̀ kúrò.  Ó fi dàbínù náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Bìsìmíláì," ni Lateefat wí, ó sì jẹ ẹ́. Kò dà bí ìyẹ̀pẹ̀. Ó dùn débi pé ó di ojú.

Àlàájì la ìkejì fún un, ó la ìkẹta. Ó fún un lómi. Nígbà tó ṣe tán, ẹyọ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń yí po. Ẹ̀rù ń ba Lateefat pé bí òun bá mí pẹ́rẹ́, yóò dá a padà sínú abọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó padà wojú ọkọ rẹ̀, Àlàájì ti fi dàbínù náà sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ tutù.

"Ó pẹ́ tí mo ti tọ́ ọ wò," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún títì Challenge, ọkọ̀ kò rìn, Lateefat sì sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé pẹ̀lú mímí gule-gule. Ó bá Àlàájì lẹ́nu géètì. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní fàráńdà, ẹní ti wà nílẹ̀, omi ti wà nínú ife, wọ́n sì ti to dàbínù mẹ́rin sínú abọ́, wọ́n ti yọ kóró wọn.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin!" ó pariwo mọ́ ọn láti òkèèrè. "Níbo lo wà? Ṣé o fẹ́ kí n pàdánù èrè mi ni?"